Kí ló dé tí wọ́n fi ń sin eṣinṣin tsetse, tó ń kó àrùn ran ènìyàn àti ẹran, bí ohun ọ̀sìn, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ pa á run ni?

Àwọn akọ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Abo tsetse sábà máa ń gba akọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà, bí akọ tí wọ́n ti fi ìtànṣán gámà sọ di aláìlèbímọ bá kọ́kọ́ gùn ún, kò ní bímọ mọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe pa á run ní erékùṣù Unguja ní Zanzibar: ìlú Tanga ní Tàǹsáníà ni wọ́n ti sìn ín, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n sì fi tú àwọn akọ náà ká láti 1994, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò dín ti inú igbó kù. Ọdún 1996 ni wọ́n mú èyí tó kẹ́yìn.

Iṣẹ́ takuntakun ni sísin tsetse, ó sì yẹ ká yin àwọn tó ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni tsetse ń mu, ọmọ kan ṣoṣo ni abo sì ń bí ní nǹkan bí ọjọ́ 9 sí 10. Wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ màlúù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sábẹ́ sílíkónì (ohun tó rọ̀ bíi rọ́bà) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á gbé àgò aláwọ̀n tí tsetse wà nínú rẹ̀ lé e, kòkòrò náà á sì gún un bí ẹni gún awọ ẹran.