Ọmọ mi fẹ́ ṣe solicitor kó lè di MP, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè: Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ló ní lọ́ọ̀ lòun fẹ́ kà, kóun ṣe solicitor, ìyẹn irú lọ́yà kan, fúngbà díẹ̀, kóun wá di MP, aṣòfin ní Parliament. Bàbá ẹ̀ ní lọ́yà dáa, àmọ́ kì í ṣe òṣèlú la bá wá sí London. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní lọ́yà nílé, kí lẹ rí sí i? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀nà táwọn kan ti gbà kọjá ni. Chuka Umunna wọ Herbert Smith, ilé iṣẹ́ àwọn lọ́yà, lọ́dún 2002, nígbà tó fi di 2010 ó ti di MP tó ń ṣojú Streatham ní London. Ti owó, MP ń gbà ju £90,000 lọ lọ́dún, àwọn ọmọ tó ń ṣe lọ́yà nílé iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní City, àdúgbò ilé iṣẹ́ ńlá ní London, ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ jẹ́ kó tètè mọ̀.

Ọ̀rọ̀ Fiona Onasanya gan-an ni kẹ́ ẹ pè é jókòó sọ fún un. Solicitor ni, ọmọ wa ni, ìbò 607 péré ló fi ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ tó fi di MP Peterborough ní June 2017. Kò ju oṣù kejì lọ, kámẹ́rà mú mọ́tò ẹ̀ ní Thorney, ó ń sáré máìlì 41 ní wákàtí kan níbi tí kò yẹ kó ju 30 lọ. Fọ́ọ̀mù wá pé ta ló wà á, orúkọ ọkùnrin kan tó wà ní Russia lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n kọ sí i. Ó ní òun ò jẹ̀bi, kóòtù ní ó jẹ̀bi. January 2019 ó dèrò ẹ̀wọ̀n, May àwọn ará àdúgbò ẹ̀ fọwọ́ síwèé yọ ọ́, òun ni MP àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú ìbuwọ́lùwé bẹ́ẹ̀ yọ, nígbà tó di August wọ́n tún pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ nínú ìwé àwọn solicitor. Nǹkan tí wọ́n sábà máa ń fi £100 àti póìǹtì mẹ́ta lórí láísẹ́ǹsì parí!

Mi ò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àkọ́bí mi ń kà lọ́ọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbé mọ́tò mi jáde tí kámẹ́rà mú un. Lẹ́tà dé ní Sátidé, a ń jẹun lọ́wọ́, àbúrò ìyàwó mi ní ṣé ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni, ẹ kọ orúkọ Bọ̀ọ̀dá Ìbàdàn sí i, ṣebí wọ́n wà níbí lóṣù tó kọjá, ta ló máa wá wọn dé Mókọ́lá? Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí ò rẹ́rìn-ín, ojú mi ló ń wò. Mo dákẹ́. Kò tó kéèyàn gbé ìtọ́ mì tí mo fi ní rárá, kọ orúkọ ara ẹ, ó sì kọ ọ́, ó sanwó. Àmọ́ nígbà tó ń kó àwo lọ sí kíṣìnì, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, Daddy, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe é nílé ni?

Bàbá mi ṣe akápò ìjọ n'Ìjẹ̀bú títí tó fi darúgbó, kọ́bọ̀ ò sọnù lọ́wọ́ wọn rí. Ọmọ yẹn ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti kú kí n tó rí ìwé tí mo lè fi kó àwọn ọmọ lọ sílé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró de Home Office rí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Ó wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí àǹtí ẹ̀ sọ nídìí oúnjẹ ló fi mọ ilé bàbá ẹ̀. Ó ti di trainee, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ solicitor, báyìí, mi ò tíì lè bi í ohun tó rí lójú mi nígbà tí mo dákẹ́ yẹn.

Ti ọmọ tiyín, kó lọ bá kansẹ́lọ̀ àdúgbò yín, kó máa bá wọn pín pépà láti ilé dé ilé, ibẹ̀ lẹgbẹ́ ti ń mọ èèyàn. Dìpọ́sítì MP ò ju £500 lọ, wọ́n á dá a padà tó bá rí ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìbò lọ. Ẹgbẹ́ tó máa wọ̀ ni mi ò ní dá sí, ìyàwó mi ń dìbò fún Tory, èmi Labour, a ṣì ń bára wa jà lórí ìbò 2019.