Orí ọmọ tó wọ́: ta ni òwe yẹn ń bá wí?

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá “Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́” túmọ̀ sí pé kí ọmọdé máa tẹrí ba níbi tí àgbà bá wà: rárá o! Èmi náà gbọ́ ọ lẹ́nu alága ìjókòó kan níbi ìgbéyàwó, ó fi ń pàṣẹ kí ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú bí mi, àmọ́ ìnáwó onínàáwó ni, mo fi ẹran dí ara mi lẹ́nu.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ni mo dàgbà sí, nídìí igbá elùbọ́, l'Ọ́jà Ọba n'Ìbàdàn. Abiyamọ á dúró, á máa nájà, ọmọ á ti sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ọrùn ọmọ tuntun kò tíì le. Bí ọ̀já bá dẹ̀ díẹ̀, orí á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá ò sì lójú lẹ́yìn. Ìyá mi àgbà á ju kóńgò sílẹ̀, á dìde tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, á gbé orí ọmọ náà dúró, á ní, “Ìyá ìkókó, tún ọmọ yìí pọ̀n.” Kò mọ ọmọ ta ni. Nígbà mìíràn, ìsọ̀ ẹlòmíràn lobìnrin náà ti ń nájà!

Òun lòwe náà. Wọn ò ní “nílé”, nítorí nílé, ọmọ ní ẹbí. Lọ́jà, kò sẹ́ni tó mọ ẹnì kan, síbẹ̀ àgbà tó bá wà níbẹ̀ la ó bi. Àgbà lòwe ń dè mọ́lẹ̀, kì í ṣe ọmọdé. Ọjọ́ orí ló ń sọni di arúgbó, àmọ́ ẹni tó rí orí ọmọ tó wọ́ tó sì gbójú kúrò, àgbàyà ni, ìbáà pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Lóde òní ńkọ́? Fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ ní Bódìjà, kí wọ́n pariwo gbọ́mọgbọ́mọ lé ọ lórí. N ò dá wọn lẹ́bi tán. Àwa àgbà náà ń tẹ fóònù kọjá lọ, àmọ́ tóde bá dé, àga iwájú là ń wá.

Ẹni tó bá tún fòwe yìí ní kẹ́ ẹ tẹrí ba, ẹ bi í pé ibo ló ti rí ìkókó tó ń dọ̀bálẹ̀.