Kí ni DPO (ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń darí àgọ́) lè ṣe kí ìwà iṣẹ́ dára sí i ní àgọ́ ọlọ́pàá, bíi ti Ọ̀fà tàbí Ìlọrin?

Kí DPO fúnra rẹ̀ máa yẹ ìwé àtìmọ́lé wò lójoojúmọ́, kí ó sì pín ìṣọ́ òru dọ́gba. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ní kí ó máa jábọ̀ àwọn tí wọ́n mú láìsí ìwé àṣẹ fún májísíréètì lóṣooṣù. Àmọ́ oṣù kan ti pẹ́ jù láti fi ẹnì kan sí àtìmọ́lé: bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni òfin gbà kí wọ́n fi gbé e dé kóòtù, àyàfi ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú.

Ìṣọ́ òru ló sábà máa ń dá ìkùnsínú sílẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ẹnì kan náà ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Ẹ lẹ ìwé ìpín iṣẹ́ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ DPO.