Déètì Kan Náà, Ọjọ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nílé ìwé wa, a fẹ́ máa kọ "Irú Ọjọ́ Òní" sára bọ́ọ̀dù ìta kí àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì. Ọjọ́ ìbí Olóyè Awólọ́wọ̀ la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ló tún ṣẹlẹ̀ láyé lọ́jọ́ náà, báwo la ó sì ṣe mọ èyí tó jóòótọ́? (Olùkọ́, Ìkẹ́nẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909 ni wọ́n bí Olóyè ní Ìkẹ́nẹ́ yín níbẹ̀, ọjọ́ náà sì kún fún nǹkan. Lọ́jọ́ yẹn ní 1475 ni wọ́n bí Michelangelo, tó gbẹ́ òkúta lére. Ní 1836, ọmọ ogun Mẹ́síkò gba ilé ààbò Alamo ní Texas. Ní 1899, ilé iṣẹ́ Bayer forúkọ Aspirin sílẹ̀ ní Berlin. Ní 1957, Gánà gbòmìnira.

Ti Gánà ni kí ẹ fún láàyè jù. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1844 ni àwọn olórí Fante, ẹ̀yà kan ní etíkun Gánà, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú fún òmìnira. Nítorí náà, tí nǹkan méjì bá bọ́ sí déètì kan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ló yàn án. Ti Awólọ́wọ̀ àti Gánà kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni.

Ohun tó sábà máa ń ba irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni ọjọ́ ìròyìn. Àwọn kan á ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1953 ni Stalin, olórí Soviet, kú. Alẹ́ ọjọ́ 5 ló kú, láago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá; ìdájí ọjọ́ kejì ni rédíò kéde rẹ̀. Ẹni tó bá ń mú déètì látinú ìwé ìròyìn, kó wá "lánàá" nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Tó bá wà níbẹ̀, kó yọ ọjọ́ kan.

Ẹ kọ ọdún, ìlú àti wákàtí sínú ìwé kan, kí ẹ sì rí i níbi méjì tí kò da ara wọn kọ. Ìlà mẹ́ta tó fún bọ́ọ̀dù: ti ilé, ti Áfíríkà, ti òkèèrè. Tí ìlà kan bá ju ọ̀rọ̀ 15 lọ, ọmọ tó wà lẹ́yìn kò ní í kà á tán.

Ìbéèrè: Wọ́n ní Shakespeare, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, àti Cervantes, òǹkọ̀wé Sípéènì, kú lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 1616. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ṣágámù)

Ìdáhùn: Rárá o. Déètì ló bára mu. Láti 1582 ni Sípéènì ti ń lo kàlẹ́ńdà Póòpù Gregory: lọ́dún náà, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ni wọ́n sùn, Ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 15 ni wọ́n jí sí. Gẹ̀ẹ́sì kò yí padà àfi 1752. Ọjọ́ tí Shakespeare kú, ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ni ní Sípéènì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tún gbà pé ọjọ́ 22 ni Cervantes kú, pé ọjọ́ 23 ni wọ́n sin ín.

Láti sọ déètì kàlẹ́ńdà àtijọ́ (ti Julius Caesar) di ti Gregory, ẹ fi ọjọ́ 10 kún un títí di ìparí oṣù Kejì 1700. Láti ìgbà náà, ọjọ́ 11 títí di ìparí oṣù Kejì 1800, ọjọ́ 12 títí di ìparí oṣù Kejì 1900. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ 13. Ìdí nìyí tí ìyípadà ìjọba Rọ́ṣíà ti ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 1917 fi jẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Déètì méjèèjì ni kí ẹ kọ.

Ìbéèrè: Déètì wo ni ká fi Ojúde Ọba sí? (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ẹ má fi sí ìkankan. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ọjọ́ Iléyá fúnra rẹ̀ sì wà nínú kíkà: ní 2024, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, Ojúde Ọba sí ọjọ́ 18. Ọjọ́ 354 tàbí 355 ni ọdún òṣùpá, ìyẹn ló fi ń fà sẹ́yìn ní bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Páálí tó ṣeé tú kúrò ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Tí ẹ bá fẹ́ ti Ìjẹ̀bú tí kì í yẹ̀, ẹ kọ ogun Ìmàgbọn tí Ìjẹ̀bú bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà: ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1892.