Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí máa bá ẹ̀rọ ta ṣẹ́ẹ̀sì?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Àáfà wa. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọ mi ra pátákó ṣẹ́ẹ̀sì kan fún mi tó ní ẹ̀rọ nínú. Bí mo bá ti sún ọmọ ayò tèmi, iná kékeré á tàn láti fi ibi tí ẹ̀rọ fẹ́ sún tirẹ̀ sí hàn mí. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ni mo máa ń jókòó tì í, ó sì ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé oòrùn yọ kí n tó jí kí Àsùbáà. Ọ̀rẹ́ mi ní kò séwu, pé kò sí ẹni tí mò ń bá jà, kò sì sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin mi méjì ti dá owó jọ báyìí: ẹni tó bá kọ́kọ́ borí ẹ̀rọ náà ni yóò kó o. Kí ni ẹ̀sìn wí?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam wa rahmatullaahi, bàbá wa.

Kò sí hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ẹnu Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó dárúkọ ṣẹ́ẹ̀sì. Láti ilẹ̀ Páṣíà ni ayò náà ti wọ àárín Mùsùlùmí, lẹ́yìn tí Ànábì ti papòdà. Èyí tó wà nínú Sahih Muslim ni pé ẹni tó bá ta nardashir dà bí ẹni tó ti ọwọ́ bọ ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ayò tí wọ́n ń da dáìsì fún nìyẹn. Lúdò tí a ń ta lójúde sún mọ́ ọn ju ṣẹ́ẹ̀sì lọ, ọ̀pọ̀ wa kò sì kà á sí nǹkan kan.

Ibi tí àwọn onímọ̀ ti yapa nìyí. Imaamu Abu Hanifa àti Imaamu Ahmad kò gbà á láyè. Imaamu Malik, tí àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ jù, ní kò sí oore nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ó sì ka áyà inú Suratu Yunus pé kí ló kù lẹ́yìn òdodo bí kò ṣe ìṣìnà. Lọ́dọ̀ Imaamu Shafi'i, makurúù ni, ìyẹn ohun tó sàn kí a yàgò fún ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àfi tí owó tẹ́tẹ́ bá wọ̀ ọ́ tàbí tó bá mú ìrun kọjá àsìkò. Ìgbà yẹn ló di harámù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín kò ṣófo. Ẹ̀rọ kì í búra èké, kì í búni. Ṣùgbọ́n nínú Suratul Maidah, nǹkan méjì ni Ọlọ́hun sọ pé èṣù ń fi ọtí àti tẹ́tẹ́ wá láàárín wa: ó fẹ́ dá ọ̀tá sílẹ̀, ó sì fẹ́ ṣẹ́rí wa kúrò níbi ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun. Ọ̀rẹ́ yín wo ti àkọ́kọ́, ó gbàgbé ìkejì. Bí Mùsùlùmí méjì bá ń tayò tí wọ́n gbọ́ ìpè ìrun, ọ̀kan á sọ fún èkejì pé ó yá. Bí kò bá sí ìyẹn, oorun á kun ẹnì kan, tàbí kí wọ́n pè é nílé. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ ìpè ìrun, kì í tòògbé. Ní 1997, ẹ̀rọ Deep Blue borí Garry Kasparov tó jẹ́ ọ̀gá nínú ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé nígbà náà. Ẹni tó bá ní òun kò ní í dìde àfi tí òun bá borí, ìgbà wo ló fẹ́ dìde?

Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń ta á báyìí, harámù ni fún yín, nítorí Àsùbáà tó ń lọ. Ẹ má ta á lẹ́yìn Ìṣáì mọ́ rárá. Ànábì kórìíra oorun ṣáájú Ìṣáì, ó sì kórìíra ìtàkùrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìtàkùrọ̀sọ lásán nìyẹn o! Tí ẹ kò bá lè fi í sílẹ̀ pátá, tó wù mí jù, kí ó jẹ́ ọ̀sán, kí ẹ sì ti pa á kí Alaasari tó dé. Tó bá ṣòro fún yín láti pa á, ẹ gbé e kúrò nílé. Àwọn Àsùbáà tó ti lọ, ẹ san wọ́n.

Ní ti owó àwọn ọmọ yín, tẹ́tẹ́ gidi ni. Pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń bá ta á kò yí i padà, torí owó ara wọn ni wọ́n fẹ́ jẹ. Ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin lẹ ó fi ẹ̀bùn sílẹ̀ dípò rẹ̀: Ànábì ní kò sí ẹ̀bùn ìdíje àfi nínú eré ràkúnmí, ẹṣin tàbí ọfà títa. Kí oníkálukú gba owó rẹ̀ padà lónìí.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.