Ṣokoléètì fún ẹni tó ń ṣọ́ ṣúgà: wàrà àti ẹyin ni ká fi sè é

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkèfíà ní Òṣogbo ni mò ń gbé. Dókítà ní kí ìyá mi dín sítáàṣì àti ṣúgà kù, kí wọ́n sì máa jẹ purotéènì dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò kúrò lára ṣokoléètì. Mo po kòkó inú agolo mọ́ mílíìkì lẹ́búlẹ́bú, mo gbé e sí fíríìjì, kò dì. Mi ò ní ọ́fùnù, iná náà ò sì ṣeé gbára lé. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun méjèèjì tí ẹ lò kúrò nínú rẹ̀. Milo, Bournvita àti irú wọn kì í ṣe kòkó lásán, ṣúgà àti ọkà wà nínú wọn dáadáa. Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú ní purotéènì lóòótọ́, bíi gíráàmù 26 nínú 100, ṣùgbọ́n ṣúgà tirẹ̀ tó bíi 38. Kò sì dì nítorí pé kò sí ohun tó máa dì í. Ẹyin ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, iná díẹ̀díẹ̀ ni ẹyin sì fẹ́.

Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń kiri ni kí ẹ fi ṣe ìdí rẹ̀. Ṣúgà inú mílíìkì máa ń yọ́ sínú omi. Nígbà tí wàrà bá dì tí omi rẹ̀ ń ro, omi náà ló ń gbé púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn lọ, purotéènì àti ọ̀rá á sì kù. Ìdí nìyẹn tí wàrà fi dára fún ìyá ju mílíìkì lọ. Funfun tó wà nínú omi rẹ̀ ni kí ẹ rà, kì í ṣe díndín. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, tó bá ti ń kan, ẹ fi sílẹ̀. Bó ti wù kó mọ́ tó lójú, ẹ sè é nínú omi tuntun fún ìṣẹ́jú 10, torí ẹ ò mọ omi tí wọ́n kó o sí.

Kòkó lẹ́búlẹ́bú tí kò ní ṣúgà ni ẹ máa wá. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀, kòkó nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá lọ́jà, ẹ tọ́ ọ wò, ó gbọ́dọ̀ korò. 

Ohun tí ẹ máa lò fún ife mẹ́rin nìyí: wàrà gíráàmù 250 lẹ́yìn tí omi rẹ̀ ti ro dáadáa; ẹyin ńlá mẹ́rin; kòkó gíráàmù 30, ìyẹn bíi ṣíbí ìjẹun márùn-ún sí mẹ́fà tí ẹ gé orí rẹ̀; omi gbígbóná mìlílítà 150; fàníílà ṣíbí tíì kan; iyọ̀ díẹ̀ bíńtín; àti ohun adùn tí kì í ṣe ṣúgà. Bí ẹ bá rí erythritol, gíráàmù 60 tó, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná kí ẹ tó dà á sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa ṣe yanrìn yanrìn lẹ́nu nígbà tó bá tutù. Bó bá jẹ́ stevia, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un, torí bí ó ti le tó yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Oyin kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu rárá: gíráàmù 100 rẹ̀ ní ṣúgà tó bíi 80. Àwọn èèyàn máa ń rò pé oyin kì í ṣe ṣúgà torí pé ó ti inú igbó wá, ó sì ń pa àwọn àgbà lára.

Ẹ da omi tó ń hó sórí kòkó àti iyọ̀, ẹ rò ó títí kò fi ní kókó mọ́. Omi gbígbóná ló ń yọ adùn kòkó jáde. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, débi pé ìka yín lè dúró nínú rẹ̀. Bí ẹ bá da ẹyin sí i nígbà tó ṣì ń jóni, ẹyin á jinná lójú ẹsẹ̀.

Ẹ gé wàrà wẹ́wẹ́ sínú bílẹ́ńdà pẹ̀lú omi kòkó náà, fàníílà àti ohun adùn. Ẹ lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí ẹ fi díẹ̀ sáàárín ìka méjì, kí ẹ rà á. Bó bá ṣì ń ṣe yanrìn yanrìn, ẹ tún lọ̀ ọ́, torí wàrà kì í yọ́ lórí iná: bó bá ṣe wọ ìkòkò náà ló ṣe máa jáde. Ìsinsìnyí tí ẹyin kò tíì sí nínú rẹ̀ ni kí ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ́ kó dùn ju bí ẹ ṣe fẹ́ díẹ̀, nítorí òtútù máa ń dín adùn kù lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ́ ẹyin sí i, kí ẹ tan bílẹ́ńdà fún ìṣẹ́jú àáyá 10 péré. Bó bá pẹ́ jù, á hó, afẹ́fẹ́ á sì ṣe ihò sínú rẹ̀. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ ṣí ìfófòó orí rẹ̀ kúrò.

Ọ̀nà tí ẹ fi ń se mọ́ínmọ́ín ni ẹ máa gbà sè é, àmọ́ iná mọ́ínmọ́ín ti pọ̀ jù fún un. Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ to ife sí i, ẹ fi fọ́ìlì bo orí ife kọ̀ọ̀kan kí omi ìdérí má bàa kán sí i. Ẹ da omi gbígbóná sínú ìkòkò títí dé ìdajì ife. Ẹ dín iná sílẹ̀ débi pé omi náà kàn ń mì, kó má hó yaya, kí ẹ sì dé e, ṣùgbọ́n kí ìdérí ṣí díẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 25, ẹ ṣí ọ̀kan wò. Etí rẹ̀ á ti dì, àárín á ṣì máa gbọ̀n díẹ̀ bí ẹ bá mi ife. Ẹ gbé e kalẹ̀, yóò parí dídì bó bá ń tutù. Bí ẹ bá rí i tó ń sun omi, tó sì kún fún ihò, iná ló pọ̀ jù: ẹyin ti há, ó sì ti fún omi ara rẹ̀ jáde. Ó ṣì ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n kò ní yọ̀ lẹ́nu mọ́.

Purotéènì inú ife kan á tó bíi gíráàmù 16, sítáàṣì àti ṣúgà rẹ̀ á wà ní bíi 4 sí 5, láìka okùn (fáíbà) inú kòkó. Àwọn tó ń ta purotéènì lẹ́búlẹ́bú á ní kí ẹ fi tiwọn kún un. Ẹ má ṣe é. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ṣe gbandi gbandi bí iná bá kàn án, wàrà àti ẹyin sì tó. Bí kíndìnrín ìyá bá ní ìṣòro, ẹ bi dókítà wọn léèrè kí ẹ tó sè é, torí irú wọn sábà máa ń ní ìwọ̀n purotéènì tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ gbé e sí fíríìjì fún wákàtí mẹ́ta. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí iná bá lọ, fíríìjì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí máa ń pa òtútù mọ́ fún bíi wákàtí mẹ́rin. Bí ẹ bá rí i pé ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra yìnyín, ẹ kó ife sínú kúlà kí wákàtí mẹ́rin náà tó pé. Èyí tó bá ti wà níta ju wákàtí kan lọ nínú ooru wa yìí, ẹ dà á nù.