Ṣé háráámù ni kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ máa wo fíìmù òkèèrè?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù Àfáà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, Kìrìsìtẹ́nì ni, a fẹ́ràn fíìmù àtijọ́ àti tàwọn ará òkèèrè, Íńdíà, Ìráànì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tá a bá wò ó tán a máa ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ dòru. Ní báyìí ó ní ká jọ wo The Message, fíìmù tó sọ ìtàn Ànábì Mùhámádù. Bùrọ̀dá kan ní mọ́sáláásí ní háráámù ni gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Wà àlékúmù sàlámù àbúrò mi. Bá mi bi bùrọ̀dá yẹn pé ẹ̀rí ẹ̀ dà o, torí sísọ nǹkan di háráámù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ó wà nínú ìwé hádíísì Bùhárì àti ti Múslímù pé lọ́jọ́ ọdún, àwọn ará Hábáṣà (ilẹ̀ Etiópíà) ń fi ọ̀kọ̀ àti asà ṣeré nínú mọ́sáláásí Mẹ̀dínà, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wá dúró kí Áíṣà lè máa wò wọ́n látẹ̀yìn òun, kò sì kúrò níbẹ̀ títí tí ìyàwó ẹ̀ fi wò ó tẹ́rùn. Eré àjòjì mà nìyẹn, àwọn méjì ló sì jọ ń wò ó. Àmọ́ kò sí ìhòòhò níbẹ̀ o! Súrà Núúrù ẹsẹ 30 ní ká rẹ ojú wa sílẹ̀, ibi tí fíìmù bá ti dà bẹ́ẹ̀ ẹ pa á, ẹ má sọ fún mi pé iṣẹ́ ọnà ni.

Èmi náà wo Children of Heaven ti Majid Majidi (1997) rí, ọmọkùnrin kan sọ bàtà àbúrò ẹ̀ obìnrin nù, àwọn òbí wọn ò lówó, làwọn méjèèjì bá ń pín bàtà kan ṣoṣo wọ lọ síléèwé, tí èyí bá dé láti kíláàsì ìyẹn á kì í bọsẹ̀ á máa sáré lọ. Mo sunkún, ẹ má sọ fáwọn ọmọ kéú mi o. Tẹ́ ẹ bá fi irú ìyẹn sọ̀rọ̀ sùúrù àti ẹ̀tọ́ òbí, kí ló burú ńbẹ̀?

The Message ní tiẹ̀, ọdún 1976 ni Moustapha Akkad gbé e jáde, wọn ò fi ojú Ànábì hàn, a ò sì gbọ́ ohùn ẹ̀, ṣùgbọ́n òṣèré Anthony Quinn ló ṣe Hámúsà, àbúrò bàbá Ànábì, àwọn onímímọ̀ kan ò sì gbà kẹ́nikẹ́ni ṣe sàhábé, ìyẹn àwọn alábàárìn Ànábì, nínú eré rárá. Lójú tèmi ẹ lè wò ó, kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé eré ni, tọ́rẹ̀ẹ́ rẹ bá wá ń béèrè nǹkan, ìwé ìtàn Ànábì ni kó o ṣí fún un. Ó sì gùn tó wákàtí mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀, Mọ̀gíríbì á ká yín mọ́bẹ̀, ẹ dá a dúró kó o lọ kírun, fíìmù ò ní sá lọ.

Ti ọ̀rọ̀ dòru yẹn ńkọ́, ṣé ò ń jí kí Súbúì lásìkò? Tó o bá ń jí, mi ò rí ẹjọ́ yín rò. Tóò bá jí, ọ̀sán Sátidé ni kẹ́ ẹ sún un sí.